Ìṣẹ́gun, Písítìn Olórí Ṣóńṣó àti Ẹ̀bà Maimunat

Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ ní Okokomáíkò, tó ní òun ń wá Ìṣẹ́gun mẹkáníìkì, wọ́n á kọ́kọ́ bi í pé, "Ìṣẹ́gun wo? Ṣé èyí tó ń fi ẹ̀bà wọn ẹ́ńjìnnì?" Kì í ṣe èébú o. Oríkì ọkùnrin náà ni, ó sì jìyà kó tó jẹ ẹ́.

Ọmọ Ayétòrò ni, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, ikùn rẹ̀ ti ń ṣíwájú rẹ̀ dé ibi tó bá ń lọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì mú bí abẹ. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà nínú ọgbà àwọn mẹkáníìkì, ó ń fi igi tayín. Ó kàn dédé gbé orí sókè, ó ní, "Ọkọ̀ kan ń bọ̀ láti Máìlì Tú. Fáàfù rẹ̀ kẹta ti jóná." Ó mú sípánà, ó lọ dúró dè é létí títì. Wákàtí kan gbáko lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ọ̀hún tó yọ, wúkẹ́wúkẹ́. Wọ́n tú u. Fáàfù kẹta ni. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, igi àgbálùmọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, kó lọ bi í.

Ohun kan ṣoṣo ni Ìṣẹ́gun kò mọ̀ láyé: kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé, "Ẹ̀bi mi ni." Bí ọkọ̀ tó tún ṣe bá kú sọ́nà, epo bẹntiróòlù ló burú. Bí epo bá dára, dírẹ́bà ni kò mọ ọkọ̀ wà. Bó bá wá jẹ́ pé wòlíì ni dírẹ́bà náà, a jẹ́ pé títì ló ba ọkọ̀ jẹ́. Timothy, ọkùnrin tó ń na irin ara ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, máa ń sọ pé lọ́jọ́ ìdájọ́, Ìṣẹ́gun á bi àwọn áńgẹ́lì léèrè irú epo tí wọ́n rọ sínú ìwé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́.

Ọdún mẹ́jọ ni ìyàwó rẹ̀, ìyá Ṣeun ọmọ rẹ̀, ti ṣaláìsí. Kò sì wo obìnrin kankan lẹ́ẹ̀mejì títí Maimunat fi gbé píkáàpù rẹ̀ wọ inú ọgbà lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

Ọmọ onílẹ̀ Ọjọ́ ni Maimunat, opó ni, àgbò ló ń tà ní Alaba Rago. Ó ga, ó dúdú, ó ń dán, ohùn rẹ̀ sì tó ohùn tí àgbò méjì tó ń kàn á gbọ́ tí wọ́n á tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n píkáàpù rẹ̀ kò gbọ́ ti ohùn. Ọkọ̀ náà ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ onílé tó wà ní Ajangbadi lọ. Àgbò mẹ́fà ló lè gbé. Bó bá di méje, á bẹ̀rẹ̀ sí mí hẹlẹhẹlẹ. Bó bá wá dé ibi ẹrẹ̀ ọ̀nà Ìba nígbà òjò, á kúnlẹ̀, àwọn èèyàn á wá tì í, ẹrẹ̀ á fọ́n sí wọn lẹ́nu, wọ́n á sì ṣépè fún ọkọ̀, fún àgbò, fún ẹni tó ni wọ́n.

Ìṣẹ́gun tún un ṣe lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì ó lọ sí Alaba Rago, ó ní òun wá wo plọ́ọ̀gì tó ń tanná nínú ẹ́ńjìnnì. Lọ́jọ́ kẹta ó tún lọ wo plọ́ọ̀gì. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, Maimunat káwọ́ gbera, ó dúró láàárín àwọn àgbò rẹ̀.

"Bàbá Ṣeun, ẹ jọ̀ọ́, plọ́ọ̀gì mi ni ẹ ń wò ni, àbí èmi?"

"Àlájà," Ìṣẹ́gun dáhùn, "ẹ̀yin méjèèjì lẹ ń tanná."

Maimunat rẹ́rìn-ín títí tí àgbò kan fi bẹ̀rẹ̀ sí ké. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ wá le. "Ẹ gbọ́ o. Ọkọ tí mo fẹ́ tẹ́lẹ̀, kí Ọlọ́run ṣàforíjì fún un, ẹnu rẹ̀ gùn ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó ṣèlérí ilé, kò kọ́ ọ. Ó ṣèlérí Mẹ́kà, Bàdágrì la dé. Àtíbàbà àgbò tó ṣèlérí gan-an, òpó mẹ́ta ló rì kó tó kú, òpó mẹ́ta náà rèé. Mi ò fẹ́ ẹlẹ́nu mọ́. Bí ẹ bá tún ọkọ̀ mi ṣe, tó gbé àgbò méjìlá gba inú ẹrẹ̀ Ìba kọjá, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ tì í, kí ẹ wá bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́. Bí kò bá gbé e, ẹ má wò mí mọ́, ẹ má wo plọ́ọ̀gì mi mọ́."

"Méjìlá?" ni Ìṣẹ́gun wí. "Àlájà, ẹ fi màlúù méjì kún un."

Ní ti pé ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni Ìṣẹ́gun, tí Maimunat sì ń kírun, wọ́n ti fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́.

Ohun tí Ìṣẹ́gun ní lọ́kàn rèé. Nínú ẹ́ńjìnnì, kíráńkì ló ń yí, òun ló ń ti písítìn sókè, òun ló tún ń fà á wálẹ̀, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Bí apá kíráńkì bá ṣe gùn tó ni písítìn á ṣe rìn jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára á ṣe pọ̀ tó. Ìṣẹ́gun ní kíráńkì kan nílé, ti ẹ́ńjìnnì ńlá, apá rẹ̀ gùn ju ti inú píkáàpù Maimunat lọ. Ó gé e níhìn-ín, ó rẹ́ ẹ lọ́hùn-ún, kíráńkì náà sì jókòó sínú ẹ́ńjìnnì kékeré náà pẹ́kípẹ́kí. Ó ku písítìn. Èyí tó wà níbẹ̀ kò ṣeé lò mọ́, torí kíráńkì alápá gígùn á tì í sókè kọjá àyè rẹ̀, á lọ fi orí gbá fáàfù, ilẹ̀kùn kékeré tí epo ń gbà wọlé lókè. Àfi kí ó wá písítìn mìíràn tó kúrú.

Ló bá kọrí sí ọ̀dọ̀ Ìyá Ọ̀ṣúnkẹ́mi, lẹ́yìn Iyana-Iba. Ìyá yìí ti pé àádọ́rin ọdún, ogójì nínú rẹ̀ ló fi ta àlòkù písítìn. Ó máa ń tò wọ́n sórí tábìlì bí ẹni tó ń ta ọsàn, yóò máa fi àkísà nù wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́gun dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ṣàlàyé kíráńkì, ó ṣàlàyé ẹrẹ̀, ó ṣàlàyé Maimunat, èyí tó pẹ́ jù nínú rẹ̀.

Ìyá gbé oríṣi méjì kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Mẹ́rin kan ní orí pẹrẹsẹ, wọ́n dúdú, wọ́n burẹ́wà bí ọmọrí ìkòkò. Mẹ́rin kejì ń kọ mànà, orí wọn ṣe ṣóńṣó sókè bí fìlà ìjòyè.

"Àwọn méjèèjì ló kúrú tó bí o ṣe fẹ́," ni ìyá wí. "Ṣùgbọ́n olórí pẹrẹsẹ yìí ni kí o mú."

"Màmá, olórí ṣóńṣó ló lágbára jù! Ó ń fún epo pọ̀ kí iná tó mú un."

"Ta ní ń jiyàn? Ó lágbára. Ṣùgbọ́n ṣóńṣó orí rẹ̀ á súnmọ́ fáàfù, kíráńkì ẹ sì ti gùn tẹ́lẹ̀. Ìṣẹ́gun, ẹrẹ̀ lo fẹ́ gbà kọjá, o ò fẹ́ fò."

"Màmá, ẹ wo ojú wọn. Ṣé èyí tó rí bí ọmọrí ìkòkò ni mo máa fi tọrọ ìyàwó?"

Ìyá wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. "Ta ló máa rí i? Inú ẹ́ńjìnnì ló ń lọ. Àbí o fẹ́ máa ṣí ẹ́ńjìnnì fún ìyàwó wò lálaalẹ́?"

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ti di Ìṣẹ́gun létí. Ó gbé olórí ṣóńṣó. Bó ṣe ń lọ, ó yíjú padà: "Màmá, ẹ má dààmú. Màá fi ẹ̀bà wọ̀n ọ́n."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bà náà rèé. Bámidélé olóògbé, ọ̀gá tó kọ́ Ìṣẹ́gun níṣẹ́, kò ní irinṣẹ́ òyìnbó kankan. Bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àyè wà láàárín orí písítìn àti fáàfù, yóò bu ẹ̀bà díẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí písítìn, yóò da orí ẹ́ńjìnnì dé e, yóò fọwọ́ yí i lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ṣí i padà, ojú ẹsẹ̀ fáàfù á ti tẹ̀ sínú ẹ̀bà náà, á wá wo bí èyí tó ṣẹ́kù sábẹ́ rẹ̀ ṣe nípọn tó. Bó bá nípọn tó èékánná àtàǹpàkò, ọkọ̀ á rìn. Bí kò bá tó, kí ó wá písítìn mìíràn. Ṣùgbọ́n Bámidélé ní òfin kan tí kì í fi ṣeré: ẹ̀bà àná ni. Ẹ̀bà tó ti sùn, tó ti jí, tó ti gbàgbé pé omi wà lára òun. Ẹ̀bà tó jẹ́ pé bí o bá jù ú lu ajá, ajá á lọ fẹjọ́ sùn.

Lọ́jọ́ tí Ìṣẹ́gun fẹ́ wọn písítìn, ó ti tọ́jú ẹ̀bà àná sínú ike. Àfi bí Maimunat ṣe dé, tó gbé abọ́ lọ́wọ́. "Bàbá Ṣeun, mo ní kí n gbé oúnjẹ wá fún yín. Kí lẹ ń ṣe?"

Ìṣẹ́gun ṣàlàyé fún un. Ojú Maimunat tàn. "Ẹ̀bà? Ẹ ò ṣe wá fi tèmi wọ̀n ọ́n! Ó ṣì gbóná."

Ó ṣí abọ́. Ẹ̀bà náà ń gbọ̀n bí ìdí ọmọ ọwọ́. Ẹ̀bà Maimunat, gbogbo Alaba Rago ló mọ̀ ọ́n: bí o bá bù ú, ó ń tẹ̀lé ọwọ́ padà. Timothy tó ń na ilẹ̀kùn ọkọ̀ dúró, ó na ọrùn wò ó.

"Ọ̀gá," ló wí jẹ́jẹ́, "ẹ̀bà yìí rọ̀ o."

"Rọ̀ báwo? Ìwọ tí o ń fi òòlù jẹun, ìwọ lo mọ ẹ̀bà?" Ìṣẹ́gun fẹsẹ̀ ti ike ẹ̀bà àná sábẹ́ bẹ́ńṣì. Ó bu ẹ̀bà Maimunat sórí písítìn, ó tẹ̀ ẹ́, ó da orí ẹ́ńjìnnì dé e, ó yí i. Nígbà tó ṣí i, ẹ̀bà náà ti lẹ̀ mọ́ fáàfù lókè, ó sì fà gùn bí ọ̀gbọ̀lọ̀ kó tó já. Èyí tó wà lórí písítìn ti wú padà, ó nípọn tó èékánná méjì.

"Ẹ ò rí i?" ni Ìṣẹ́gun kígbe. "Àyè pọ̀ níbẹ̀ bí pápá bọ́ọ̀lù!"

Ó jẹ èyí tó ṣẹ́kù nínú abọ́, ó ní kò sí irú rẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí Iléyá dé ni wọ́n kó àgbò méjìlá sínú píkáàpù. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ẹrẹ̀ ọ̀nà Ìba ti di ẹ̀kọ. Maimunat fúnra rẹ̀ ló jókòó sídìí sítíà, Ìṣẹ́gun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ tuntun, Timothy dúró sẹ́yìn láàárín àwọn àgbò. Ẹ́ńjìnnì náà dún bí kìnnìún. Láti Alaba títí dé Iyana-Iba, àwọn èèyàn ń yà sọ́nà fún un. Maimunat ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìṣẹ́gun ti ń ro irú fìlà tó máa dé lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Maimunat.

Wọ́n dé ibi ẹrẹ̀. Maimunat tẹná. Ọkọ̀ ki imú bọ̀ ọ́, ó ń lọ, ó ń lọ, ó dé àárín.

Kàn! Kàn-kàn-kàn! Gbàgà!

Ẹ́ńjìnnì kú pátápátá. Àgbò kan sín.

Ìṣẹ́gun kò ní láti ṣí i kó tó mọ̀. Bí a bá fọwọ́ yí i, fáàfù àti olórí ṣóńṣó ń kí ara wọn lókèèrè lásán. Nígbà tó gbóná tó ń sáré, irin gùn sí i díẹ̀, ni wọ́n bá kan ara wọn bí àgbò Alaba Rago. Fáàfù mẹ́rin ti wọ́.

Àwọn èrò ti pé jọ létí ọ̀nà. Ọkùnrin kan tó ń ta káàdì ìpè, tó ti gbọ́ nípa àdéhùn náà, fa ohùn gbọọrọ: "Bàbá ẹlẹ́ńjìnnì, ṣé ẹ ti dé ilé àna ni?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Maimunat yíjú sí i. Ó ń wò ó bó ṣe ń wo òpó mẹ́ta tí ọkọ rẹ̀ rì sílẹ̀.

Ìṣẹ́gun la ẹnu, ó sì wá àwáwí rẹ̀ lọ síbi tó máa ń kó wọn sí. Epo? Maimunat ló rà á, níṣojú rẹ̀. Dírẹ́bà? Òun ló wà nídìí sítíà. Títì? Ilẹ̀ ìdílé bàbá rẹ̀ ni wọ́n là á gbà. Ẹ̀bà? Ọwọ́ rẹ̀ ló rò ó. Ìṣẹ́gun yẹ gbogbo rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ìkankan tí kò gba ẹnu ọ̀nà Maimunat kọjá.

Láti ẹ̀yìn ọkọ̀, Timothy bẹ̀rẹ̀: "Àlájà, ṣebí mo sọ fún ọ̀gá pé ẹ̀bà yẹn..."

"Timothy! Pa ẹnu ẹ dé!" Ìṣẹ́gun bọ́ sílẹ̀ sínú ẹrẹ̀, aṣọ tuntun bá a lọ. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé Maimunat. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀. Ó gbé e mì, ó padà wá. "Àlájà. Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo yan písítìn tí kò yẹ. Wọ́n kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́."

Timothy jókòó lé àgbò lórí láìmọ̀. Ogún ọdún tí wọ́n ti jọ wà, kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Maimunat sọ̀ kalẹ̀. Kò bú u. Ó da àwọn àgbò méjèèjìlá sílẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn dà wọ́n lọ sí Ìba, kò bojú wẹ̀yìn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìṣẹ́gun fi ń wo ògiri. Kò tayín. Ọkọ̀ tó ń wúkọ́ kọjá, kò gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kẹrin, nǹkan kan bà sórí bẹ́ńṣì rẹ̀, gbì! Ó gbójú sókè. Abọ́ ni, Maimunat ló gbé e kalẹ̀.

"Ẹ ṣí i."

Ó ṣí i. Ẹ̀bà ni, àmọ́ ẹ̀bà yìí le bí bíríkì. Ó fi sípánà kàn án. Ó dún.

"Ẹ̀bà àná ni," ni Maimunat wí. "Timothy ti wá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ní ẹ̀bà mi ló purọ́ fún yín."

"Àlájà, ẹ má dá Timothy lóhùn, òun..."

"Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ọkọ mi fi ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé ẹ̀bà mi rọ̀. Ó sọ ọ́ fún ìyá mi. Ó sọ ọ́ fún lèmọ́mù. Ẹ̀yin tí ẹ̀bà yẹn ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ fún, tí ojú tì níwájú gbogbo ayé, tí ẹ lè fi dá ara yín láre, ẹ ò dárúkọ rẹ̀." Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀. "Iléyá ku ọjọ́ márùn-ún. Ẹ dìde, ẹ lọ wá písítìn."

Ìṣẹ́gun kò rántí bàtà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ọ̀ṣúnkẹ́mi, olórí pẹrẹsẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà nínú ọ̀rá, wọ́n ti so ó lẹ́nu.

"Màmá, ta lẹ dì wọ́n sílẹ̀ dè?"

"Ìwọ ni. Láti ọjọ́ tí o ti ń wo fìlà ìjòyè ni mo ti dì wọ́n. Jókòó, mu omi, ẹsẹ̀ ẹ ń ṣẹ̀jẹ̀."

Ó tò wọ́n sínú ẹ́ńjìnnì, ó pààrọ̀ fáàfù tó wọ́, ó fi ẹ̀bà àná wọ̀n ọ́n. Ẹ̀bà náà kò fà, kò wú. Ojú ẹsẹ̀ fáàfù tẹ̀ sínú rẹ̀ kedere bí òǹtẹ̀ kóòtù. Ó fi èékánná àtàǹpàkò wọ̀n ọ́n: ó ṣe déédéé. Ó pe Timothy kó wá fi tiẹ̀ náà wọ̀n ọ́n, ohun tí kò ṣe rí láyé.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n padà sí ọ̀nà Ìba. Ẹrẹ̀ ti jìn sí i. Àwọn èrò ọjọ́sí ti pé, wọ́n gbé àga wá. Maimunat tẹná. Ọkọ̀ wọ inú ẹrẹ̀, kò bú bíi kìnnìún, ńṣe ló ń kùn bí àgbàlagbà tó ń gun àtẹ̀gùn. Ó dé àárín. Ó dúró díẹ̀, bí ẹni ń ronú. Ìṣẹ́gun pa ojú dé, ó gbàdúrà ti aláṣọ funfun, ó fi ti ìmàle kún un. Ọkọ̀ mì, ó fà, ó yọ ẹsẹ̀ kan, ó yọ èkejì, ó gun òkè ọ̀hún, ó dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Oníkáàdì ọjọ́sí náà ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Ìṣẹ́gun sáré sẹ́yìn ọkọ̀, ó ka àwọn àgbò. Ó tún wọn kà. "Àlájà, kí ló dé tí wọ́n jẹ́ mẹ́tàlá?"

Maimunat yọ orí láti fèrèsé. "Méjìlá la jọ ṣàdéhùn. Ìkẹtàlá yẹn, ẹ mú un dání bí ẹ bá ń lọ rí ẹ̀gbọ́n mi lọ́la. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí yín lọ́wọ́ òfo."

Wọ́n ti ń gbé pọ̀ báyìí ní Ọjọ́, nítòsí àtíbàbà àgbò tí Ìṣẹ́gun rì òpó kẹrin rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí wọ́n ṣègbéyàwó. Oríṣi ẹ̀bà méjì ni Maimunat máa ń rò. Ọ̀kan á sùn mọ́jú nínú ike, ti ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Èkejì á gbóná, á máa gbọ̀n nínú abọ́, á máa tẹ̀lé ọwọ́ padà. Ti Ìṣẹ́gun nìyẹn. Ó ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, ó ń fi ọwọ́ kejì gbé e dání kó má baà sá lọ, kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀ dòní.